Ìjà Lórí Ìjókòó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́

Bàtà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Aládùúgbò wa ní Pearland lókè òkun níbí, bàbá ará India kan tí wọ́n ti kọ́ni ní ìṣirò ní Ìlọrin rí, mú mi lọ sí tẹ́ńpìlì wọn lọ́jọ́ ọdún. Lẹ́nu ọ̀nà, mo rí dókítà kan tí mo mọ̀ ní Medical Center, ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń yà fún lọ́nà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń gba bàtà àwọn tó ń wọlé, ó ń nu eruku ara wọn. Bàbá ní iṣẹ́ ìsìn ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi. Ẹ̀kọ́ Sanskrit, èdè ìwé mímọ́ wọn, ni mò ń gbọ́ nínú mọ́tò lójú títì 288. Mo mọ ahankara, ohun tó ń pariwo "èmi, èmi" nínú ènìyàn. Mo mọ amanitva, kéèyàn má wá iyì. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe kéèyàn máa bú ara rẹ̀.

Ìgbà tí iṣẹ́ bàtà kàn mí, ìyàwó mi dúró wò mí.

"Dádì, ẹ fẹ́ lọ nu bàtà fáwọn ará India? Bàtà tiyín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàná o. Mo ti fẹsẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Pálọ̀ bàbá lèmi, dókítà àtàwọn kan láti tẹ́ńpìlì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, àwọn yòókù á sì máa yin ìrẹ̀lẹ̀ mi. Nígbà tó yá, bàbá fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Fulshear, ìlú mìíràn tó jìnnà díẹ̀. Wọ́n ní kí á yan ẹni tí yóò máa kọ́ni, kó jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ipò náà.

Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í du àìfẹ́. Dókítà ní òun kò yẹ, ó lọ jókòó ti bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ní bí dókítà kò bá yẹ, kí ni ká wá sọ nípa òun? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, dókítà ti gbé fọ́tò ibi tó ti ń nu bàtà sórí WhatsApp rẹ̀. Mo sì ti mọ̀ nígbà náà pé àárọ̀ ọjọ́ ọdún nìkan ló máa ń nu bàtà, nígbà tí èrò bá pọ̀, àti pé ó máa ń bínú bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Mo fẹ́ ìjókòó olùkọ́ yẹn. Ta ló kàwé tó mi nínú wọn? Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo nà gbalaja níwájú bàbá, mo ní kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ mi.

"Dìde," bàbá fi Yorùbá sọ. Wọ́n wá yí sí òyìnbó kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ní Ìlọrin, bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, báyìí làwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń nà sílẹ̀ níwájú ilé mi. Àwọn tó mọ ìṣirò kì í wá."

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dókítà ló le jù. Àwa Yorùbá la máa ń sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Mi ò mọ̀ pé àjèjì lè gbé e lù mí lójú agbo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dìbò. Dókítà ní mọ́kànlá. Èmi ní méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.