Ìró Màmá Ìkélé

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ń wẹ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń da abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ nù, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ara ẹni tí kò lè dìde. Màmá Ìkélé ni wọ́n ń pè é, nítorí kò jẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn kankan láìkọ́kọ́ fa aṣọ ìkélé yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Kódà ẹni tó ti dákú, á fà á fún un. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ̀."

Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tuntun dé. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, ó ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iyì aláìsàn. Ó ní kí kálukú wá sọ ohun tí iyì jẹ́.

Akọ̀wé ní àpọ́nlé ni. Apòògùn ní ipò ni, pé ẹni tí kò nípò, ta ló ń bu iyì fún un? Awakọ̀ ní ẹnu gbogbo wọn ló dùn, iyì kò ju kí àpò ẹni wúwo lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Màmá Ìkélé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun témi mọ̀ ni pé nǹkan kan wà lára èèyàn tí kì í ṣe ti gbogbo ojú. Ẹni tó lè bo tirẹ̀, ó ń bò ó. Ẹni tí kò lè bò ó, àwa la máa bá a bò ó. Bóyá iyì náà nìyẹn."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, Màmá Ìkélé wọ wọ́ọ̀dù, ó rí irin lókè lásán. Wọ́n ti tú gbogbo aṣọ ìkélé lọ fi ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ìrọ̀lẹ́ la máa dá a padà."

Ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bàbá arúgbó kan dùbúlẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Ọ̀gá ilé-ìwé ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Méjì nínú àwọn aláìsàn tó kọjú sí i jẹ́ ẹni tó ti nà ní pàṣán rí. Inú bàbá ti ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti yàgbẹ́ sára. Àwọn kan ti ń dimú.

"Màmá, ẹ má ṣí mi," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Bàbá, bí mo bá fi yín sílẹ̀ báyìí, egbò ẹ̀yìn yín á kẹ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ̀wù iṣẹ́ wọn kò kọjá ìdí. Ìró ni kálukú ń ró sí abẹ́ rẹ̀. Ó tú ìró rẹ̀, ó so etí kan mọ́ irin fèrèsé, ó so ìkejì mọ́ irin tí wọ́n ń gbé omi ìtọ́jú kọ́. Ó dúró nínú yẹ̀rì, ó ń wẹ bàbá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló ṣáájú àwọn àlejò, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu: "Lójú tèmi, nǹkan kan wà lára ènìyàn tí kì í ṣe ti gbogbo ojú." Ó rí yẹ̀rì. Àlejò kan wú ikọ́, òmíràn yíjú sí ògiri.

"Lọ wọṣọ," ọ̀gá ní.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ẹ̀sùn dé: ó rìn ní ìhòòhò ní wọ́ọ̀dù, ó tàbùkù iyì ilé-ìwòsàn. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe bàbá wá. Wọ́n gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ọmọkùnrin rẹ̀ tó wọ kóòtù àti táì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé bi í pé, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ya ìgbẹ́ sára lọ́jọ́ náà?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó na ọrùn.

"Èmi? Kò sóhun tó jọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó mú obìnrin yìí bọ́ṣọ."

Màmá Ìkélé wò ó. Bàbá kò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Màmá mọ àwọ̀ omi tó dà nù lọ́jọ́ náà, ó mọ iye ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀, àwọn tó dimú sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn tí wọ́n lè jẹ́rìí.

"Bí Bàbá ṣe wí náà ló rí," ó ní.

Ó kórìíra bàbá náà ní wákàtí yẹn, ó sì kórìíra ẹnu ara rẹ̀ tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa dé.

Wọn kò lé e. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìfọṣọ lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ní kó tọwọ́ bọ ìwé àforíjì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kà á sí i létí nílé: "Mo tọrọ àforíjì fún ìwà àìníyì mi."

"Màámi, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Oṣù méje ló kù, ọmọ mi. Mú bírò wá."

Lọ́jọ́ tí bàbá ń lọ sílé, ọmọkùnrin rẹ̀ gbé àpò èso wá sí ilé ìfọṣọ.

"Bàbá ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mà."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Wọn ò sọ fún mi. Kí lẹ ṣe fún wọn gan-an, mà?"

Kò fẹ́ èso náà. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ ọ́, á ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ó gbà á, ó sì ní kó kí bàbá.