Ọdún Tí Àkàbà àti Kànga Di Ọ̀kan

Hàbíbátù Sàlàkọ́, tó ń ta epo pupa lọ́jà Odò-Orí, ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú Àkàbà ní wọ́ọ̀dù wa. Òun ló ń dá orin, òun ló ń sọ ẹni tí yóò jókòó níwájú. Ní òdìkejì títì, Rìnsọ́lá Àyàndélé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló ń darí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Kànga. Láti ìgbà ìbò kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì ti sọ òkò lu ara wọn, àwọn obìnrin yìí ò kí ara wọn mọ́.

Àfi bí Àkàbà àti Kànga ṣe pawọ́ pọ̀, kí wọ́n lè gba ìjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó wà nípò. Alága Àkàbà ránṣẹ́ pe Hàbíbátù.

"Ìyá Kareemah, ẹ ní sùúrù. Kànga la fi ipò olórí obìnrin fún. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe igbákejì."

"Igbákejì ta ni?"



Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Rìnsọ́lá jókòó sórí àga Hàbíbátù. Nàfísátù, tí Hàbíbátù fúnra rẹ̀ mú wọ ẹgbẹ́, kúnlẹ̀ kí Rìnsọ́lá, ó tún gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí Rìnsọ́lá dá orin, ohùn rẹ̀ dùn, gbogbo ilé ló gbè é. Ohun tó wọ Hàbíbátù lára jù ni pé obìnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ìyá Kareemah, ẹ wá jókòó tì mí," ni Rìnsọ́lá wí.

Èébú ì bá sàn fún Hàbíbátù.

Kò pẹ́ tó fi kó àwọn obìnrin kan lẹ́yìn lọ sínú ẹgbẹ́ Ẹyẹlé, ẹgbẹ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ó polongo dé Kuta àti Olúpọ̀nnà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Abdullateef, ọkọ rẹ̀, bi í pé, "Ṣé Ẹyẹlé yìí lè wọlé ni?"

"Kò lè wọlé. Àmọ́ òun náà ò ní í wọlé."

Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé Rìnsọ́lá ló ní lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìbò Ẹyẹlé ò pọ̀, àmọ́ òun gan-an ni Àkàbà àti Kànga ì bá fi borí. Ẹgbẹ́ tó wà nípò ló tún wọlé. Hàbíbátù pa adìyẹ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ya lọ sílé Rìnsọ́lá láti tù ú nínú. Àga kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ Hàbíbátù. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ẹni tó jókòó ti Rìnsọ́lá ní òdìkejì títì.

"Ọbẹ̀ ti ń tutù o," ni Abdullateef wí.

"Mò ń bọ̀."

Kò kúrò níbẹ̀.