Fóònù Tó Yó Jù

Ṣé ìgbàgbọ́ ni àbí àìgbàgbọ́, kí èèyàn máa fi fóònù ẹni tó ti sùn nínú Olúwa síná? Mo ti gbàdúrà lé e lórí títí, n kò tíì rí èsì. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ti Bàbá Aláago.

Ogójì ọdún ló ti ń tún aago ọwọ́ ṣe nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tábìlì aago wà lápá òsì, ojú iná kan ṣoṣo tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ ló sì wà láàárín wọn. Nídìí ojú iná yẹn ni wọ́n ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ìyá ní òfin tirẹ̀: fóònù kì í dé orí iná àfi tí igi bátìrì ojú rẹ̀ bá ku ẹyọ kan, tó bá ti kún, yíyọ ni, bí òjò bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan síná. Ó ní ẹni tó yó tí kò dìde nídìí àwo, inú rírun ló ń wá. Bàbá a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òfin Mósè ò tó ìyàwó òun, ó tún fi ti fóònù kún un. Síbẹ̀, bí obìnrin náà bá jáde, ọkọ á rọra yọ fóònù tirẹ̀ tó bá ti kún, á ká wáyà náà róbótó, á fi àjákù aṣọ so ó bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá lọ. Ó fi fóònù kékeré oníbọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, èyí tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Bàbá ti fi fóònù yẹn síná, kò sì yọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé tó bá fi lè kú, kò ní jí, ohùn náà á sì bá a lọ. Òun tó máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má lọ́ aago ju bó ti yẹ, kí okùn irin inú rẹ̀ má baà já!

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí i, ó gbé fóònù náà wò. Bátìrì ti wú bíi búrẹ́dì inú ààrò, ó ti ti ẹ̀yìn fóònù ṣí.

"Bàbá mi," ó ní, "iná lẹ fi ń ṣeré yìí o."

Ó lọ ra bátìrì tuntun. Ẹni tó tà á fún un ṣàlàyé pé inú fóònù gan-an ni ohùn wà, kò sí nínú bátìrì. Kí wọ́n ṣáà pa á, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tàn án padà. Bàbá ní òun gbọ́. Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wo bátìrì tuntun lórí tábìlì.

Ọjọ́ kẹrin ni mo yà kí i lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo ka Bíbélì níbi ìsìnkú Ìyá, èmi ni mo sọ pé gbogbo wa la ó jí. Bàbá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo aago tí ẹni tó ni ín bá ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo gbójú sílẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ohùn Ìyá jáde tẹ̀ríntẹ̀rín:

"Olówó orí mi, ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ mi o. Ṣé ẹ ti yọ fóònù yín níná? Ó ti yó. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Bàbá na ọwọ́ sí ojú iná. Ó fà á padà, ó rọra ti bátìrì tuntun sọ́dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, bá mi yọ ọ́. Má sì tíì lọ o. Dúró tì mí títí á fi tàn."