Bí Mo Ṣe Gbẹ́ Ohun Tó Ń Di Okùn Bakitéríà Mú

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó fi ayùn la ikùn bakitéríà. Mo fa okùn inú rẹ̀ jáde, mo nà án láti Kpata dé Ganaja, ó sì tún ṣẹ́kù èyí tí mo fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi ewúrẹ́ náà.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo ṣe ní Kpata ní Lọ́kọ́jà, láti ọdún tí ogun Bìáfùrà bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún tí wọ́n sọ Lọ́kọ́jà di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn tí mo gbé kọ́ tó ń ké bí wọ́n bá ṣí i. Àga, bẹ́ẹ̀dì, àpótí, pósí, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kàn. Pósí àkọ́kọ́ tí mo dá kàn, ti ìyàwó mi ni. Ibà ló mú un lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ yè, mo sì sọ ọ́ ní Dúpẹ́. Àwọn ẹbí ìyàwó mi bi mí pé ọpẹ́ kí ni mo ń dú.

Pákó ọ̀gànwó kan ṣẹ́kù lára igi pósí náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í fi àjẹkù igi pósí ṣe àga fún alààyè. Mo gbé e sórí àjà ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ rẹ̀ ni Dúpẹ́ ti dàgbà, ó sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Dúpẹ́ wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, ó wálé pẹ̀lú àwòrán kan nínú bébà.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbẹ́ púrótéènì kan."

"Èwo nínú wọn? Ti ẹ̀wà ni àbí ti ẹja?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì là á yé mi. Ó ní okùn kan wà nínú bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, DNA ni orúkọ okùn náà, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí bakitéríà ń jẹ́ wà. Méjì ló lọ́ mọ́ra bí okùn tí a fi ọwọ́ ran. Bí bakitéríà bá fẹ́ bí sí i, ìlọ́ náà á tú, okùn á wá di ẹyọ kan. Okùn ẹyọ kan ò lágbára: ó lè ká mọ́ra, ó sì lè já. Púrótéènì yìí ló máa ń sáré dì í mú.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò tíì sí ẹni tó rí i yékéyéké, Bàbá. Ṣùgbọ́n awẹ́ mẹ́rin ni, bí obì aláwẹ́ mẹ́rin, okùn á wá wé mọ́ ọn lára. Awẹ́ kan ni mo yà síbí. Ẹ bá mi ṣe mẹ́rin." Ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́. "Bí a bá rí oògùn tó lè mú kí ó tú ọwọ́, bakitéríà náà ò ní lè bí mọ́."

Kò dárúkọ ìyá rẹ̀. Èmi náà ò béèrè.

Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn gbẹ́ ẹ. Málàm Ìsá, ará Nupe tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mọ ìkíni àwa ará Okun dáadáa. "Okun o, Bàbá Dúpẹ́. Haba! Kòkòrò yìí mà tóbi o. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹsẹ̀ lọ nìyẹn!"

Lọ́sàn-án Sátidé, mo kó awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú Dúpẹ́. Òwúrọ̀ Mọ́ńdè ló máa wọkọ̀, Túsìdé ni yóò dúró níwájú àwọn olùdánwò. Ó mú awẹ́ méjì, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, àwọn wọ̀nyí ò jọra."

"Wọn ò gbọdọ̀ jọra. Akọ méjì, abo méjì. Ṣebí obì lo ní? Bí mo bá sì kan ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, ṣé ti ọ̀tún kì í kọjú sí ti òsì ni?"

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ yín. Ṣé ti òsì ṣeé kì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún? Awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti púrótéènì yìí, bàtà ọ̀tún ni gbogbo wọn. Kò sí ti òsì nínú bakitéríà rárá. Bí mo bá gbé èyí lọ, wọ́n á ní n kò mọ ohun tí mo kọ́." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo pè é ní obì."

Awẹ́ méjì ni mo gbọ́dọ̀ tún gbẹ́, igi tútù nìkan ló sì wà nílẹ̀. Bí a bá gbẹ́ igi tútù lónìí, yóò sán kó tó di ọ̀túnla. Mo wo òkè. Mo gbé àkàbà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìyẹn."

"Òun nìkan ló gbẹ."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, n kò lọ. Dúpẹ́ di orí pákó kan mú, mo fi ayùn sí i. Òórùn tó jáde nínú rẹ̀, òórùn ọjọ́ tí mo kan pósí náà gan-an ni. Mo fà á títí ó fi já. Awẹ́ méjì tuntun náà pọ́n ju àwọn yòókù lọ. Mo fẹ́ fi ọ̀dà kùn wọ́n kí gbogbo rẹ̀ bára mu.

"Ẹ má kùn wọ́n," Dúpẹ́ ní.

A to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, a wé okùn àwọ̀n apẹja yí i ká. Okùn náà wọ ojú ihò rẹ̀, kò yọ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá olùdánwò, arúgbó onírùngbọ̀n funfun, dìde lórí àga. Ó fọwọ́ kan awẹ́ méjì tó pọ́n náà, ó ní, "Ta ló gbẹ́ èyí?" Dúpẹ́ ní, "Bàbá mi ni." Ó ní, "Igi wo ni?" Dúpẹ́ sọ fún un.

Onírùngbọ̀n yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Dúpẹ́ yege, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni wọ́n fi bi í léèrè. Inú àpò lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà, kò sẹ́ni tó ní kí ó tú u. Ó rọra sọ ọ́ fún mi kó má bàa dùn mí, mo sì ní kò burú. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti arúgbó náà fún àwọn oníbàárà. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ti fọwọ́ kan igi yẹn, kí ó sì béèrè.