Donya Dé Ilé, Ẹni Tó Gbé E Kò Dé

Mano Teban Obiña kú sínú odò wa nígbà ìjì tó kọjá yìí, omi ò sì kan ìbọn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti ìbọn náà, torí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ológun bèèrè nígbà tí wọ́n dé ilé òkú.

Ẹ̀ṣọ́ abúlé ni Mano Teban; Mano là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, Mana ni ti obìnrin. Àgbẹ̀ àgbọn ni, àwọn ológun fún un ní ìbọn àti fìlà pé kó máa ṣọ́ afárá. Bàtà ńkọ́? Wọ́n ní bàtà ń bọ̀ lọ́nà. Garandi àtijọ́ ni ìbọn ọ̀hún, ó sì dàgbà ju ẹni tó gbé e lọ. Mano Teban sọ ọ́ ní Donya, ó ní ìyá olówó ni: bí èèyàn ò bá fi òróró pa á lára láràárọ̀, kò ní dáni lóhùn. Òróró àgbọn tí Mana Ludi, ìyàwó rẹ̀, fi ń dín ẹja ló sì ń jí pa á.

“Teban, nínú èmi àti irin yìí, ta lo fẹ́ níyàwó?”

“Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n òun kì í bá mi jà tí mo bá mutí.”

“Ó ń gé ọ jẹ ńkọ́?”

Òótọ́ ni. Garandi máa ń gé èèyàn jẹ. Ẹni tó bá ń ki ọta sí i, tí kò tètè yọ àtàǹpàkò, irin á pa dé mọ́ ọn. Lábúlé wa, a kì í wo aṣọ ká tó mọ ẹ̀ṣọ́. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún là ń wò, bó bá ti dúdú, ẹ̀ṣọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Mano Teban ti ṣọ́ afárá tán, ó fẹ́ máa lọ sílé, ni omi bá gbé afárá náà lọ. Ó gun ọparun tí wọ́n so pọ̀. Láàárín odò, ọparun tú. Candido aládùúgbò rẹ̀ ju okùn sí i láti etí odò.

“Mano, ẹ ju ìyá arúgbó yẹn sómi, kí ẹ di okùn mú!”

“Ṣé ìwọ ló máa bá mi ṣẹ̀wọ̀n?”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Donya sókè orí. Nígbà tí omi gbé e sún mọ́ etí odò, ó jù ú sí Candido. Kí Candido tó gbé ìbọn sílẹ̀, kó tún ju okùn, kò sí ẹni tó máa dì í mú mọ́.

Ta ló kọ́ ọ pé kó fọkàn sí ẹ̀wọ̀n nígbà tí omi ń gbé e lọ? Inú àgọ́ ológun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀ṣọ́ tó bá sọ ìbọn nù, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀gá tó bá sọ ẹ̀ṣọ́ nù ńkọ́? Ìyẹn ò lófin. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù. Àwọn ọ̀gá wa ti yí i padà: ẹrù nìkan ni tiwọn, kí odò máa mú ẹrú lọ. Inú ń bí mi.

Mo wà nídìí káàdì tí a máa ń ta nílé òkú, lọ́sàn-án tí Sájẹ́ńtì Magdaraog ti àgọ́ wọlé. Ó mu kọfí, ó gbé Donya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó yọjú wo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó mọ́ o! Kò tilẹ̀ dípẹtà.”

“Sájẹ́ńtì, àsíá tí wọ́n máa tẹ́ sórí pósí ọkọ mi dà?” Mana Ludi ló bèèrè.

“Ẹ má bínú, Mana. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó kú. Ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ló ni àsíá.”

“Ìbọn yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́?”

“Ìbọn ìjọba kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Mana.”

Ẹmu àgbọn gba imú mi jáde. Candido pariwo láti ìdí káàdì pé, “A jẹ́ pé Donya ni sójà, Mano ni àpò tí wọ́n fi ń gbé e kiri!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Mana Ludi. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún òkú sókè.

“Ẹ wo àtàǹpàkò yìí, Sájẹ́ńtì. Kí ló gé e jẹ? Adìyẹ?”

Sájẹ́ńtì ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ àpò.

Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti ilé òkú bọ̀ kì í lọ sílé tààrà. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà síbì kan, kí òkú má bàa tẹ̀ lé e délé. Ó sọ fún àwọn ọmọ ogun tó bá a wá pé àwọn máa yà jẹun ní búkà ìsàlẹ̀ òkè, àti pé kí wọ́n gbé Donya wọ búkà pẹ̀lú, torí òun náà ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Opó kì í sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, nítorí náà orí ìjókòó ni Mana Ludi ti pè é.

“Rárá o, Sájẹ́ńtì. Ẹ má yà síbì kankan. Tààrà ni kí ẹ gbé e lọ sí àgọ́.”

Kò sẹ́ni tó ju káàdì mọ́. Sájẹ́ńtì dúró, ó wo òkú, ó wo opó, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Olóúnjẹ búkà sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ọkọ̀ wọn kọjá níwájú òun, wọn ò tilẹ̀ rọra.

Nítorí náà, Ọ̀gá àgọ́, ẹ ti gbàlejò. A sin Mano Teban lánàá láìsí àsíá, ọwọ́ yín sì ni mo ti ń bèèrè rẹ̀. Ta ló pàṣẹ pé ìbọn níyì ju ọwọ́ tó gbé e lọ? Ẹ dárúkọ ẹni náà. Kí ẹ gbé àsíá wá, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ lójú Mana Ludi pé ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Títí dìgbà náà, bí òórùn òróró àgbọn bá ń ta yín nímú nínú yàrá ìbọn, ẹ má pariwo, ẹ má yìnbọn. Ẹ̀ṣọ́ yín ni, ó wà lẹ́nu iṣẹ́.