Ọwọ́ Mẹ́rin Lórí Fáíbà

Bí ẹ bá bọ ìyá alágbàfọ̀ yìí lọ́wọ́, ẹ ó rò pé pátákó lẹ dì mú. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fọ aṣọ aláṣọ, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń ká a. Irin ìlọṣọ tó bá gbóná débi tí ẹlòmíràn á fi jù ú sílẹ̀, òun á fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, á ní, "Èyí ò tíì jinná." Àwọn tó ń kó aṣọ wá á bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe irin nìkan ló sọ ọwọ́ náà di líle koránkorán. Orí àti àyà ló ń fi í bò nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá gbé tirẹ̀ dé.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Baba Páńẹ́lì, ẹni tó ń fi òòlù na ara ọkọ̀ tó bá forí sọ ògiri títí á fi padà sípò. Ó mọṣẹ́ rẹ̀, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bó bá délé, kì í rántí pé òun ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọbẹ̀ tutù, ìkúùkù. Ọbẹ̀ gbóná jù, ìkúùkù. Nítorí bọ́tìnnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó kán ìyàwó rẹ̀ léjìká. Ìgbà tó yọ ọ́ léyín, ó sọ fún àwọn tó wá là wọ́n pé ìyàwó òun ló fi ẹnu gbá òun lọ́wọ́, ó sì fi ìka tó bó hàn wọ́n bí ẹlẹ́rìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ fara dà á, ẹ wojú ọmọ." Ó wojú ọmọ títí kò fi sí ojú ọmọ tó máa wò mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí alùpùpù pupa rẹ̀ kan tó máa ń gùn bí ẹni tí wọ́n rán sí àrá. Irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu, síbẹ̀ baba rẹ̀ ṣì ń nà án. Ọjọ́ tó kú, ó bọ́ sáàárín ìjà láti gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Baba gbé irin jáàkì tó fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ó fi là á níwájú orí. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn wọ ojú rẹ̀ ló fò lé alùpùpù, ó gba ẹnu géètì jáde. Kò ríran. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ kò rí àyè dúró.

Níbi ìsìnkú, baba ń yí mọ́lẹ̀. Ó ní awakọ̀ tó mutí yó ló pa ọmọ òun. Àwọn ọkùnrin alágbára ló dì í mú kó má bọ́ sínú sàréè. Ìyá gbọ́, ó wò ó, ó sì yíjú padà sí pósí ọmọ rẹ̀.

Ìgbà tí àyájọ́ ikú ọmọ náà ń sún mọ́lé, baba ní òun máa tún alùpùpù náà ṣe, òun á gbé e sí pálọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè mọ irú ìfẹ́ tí òun ní sí ọmọ òun. Ó wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Irin kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó na táǹkì, táǹkì gbọ́. Fáíbà, ìyẹn ike líle tó bo ara rẹ̀, ló ya olóríkunkun. Igbá fáíbà méjì ló bo iwájú alùpùpù náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láti ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tó ti jẹrà. Oòrùn yan wọ́n, ẹrù tẹ̀ wọ́n, wọ́n wá lọ́ bí ètè ẹni tó ń yọ ṣùtì. Baba gbé ti ọ̀tún, ó fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Gbàá! Ó fọ́ yángá bí àwo. Baba ju òòlù. Òòlù fẹ́ etí ìyàwó rẹ̀ kọjá, ó sì dá ihò sára ògiri.

"Ìwọ lo fẹjú mọ́ mi!" ló ní.

Ẹnìkan tó ń tún alùpùpù ṣe ní ìkóríta ló wá là á lóye. Fáíbà kì í gbọ́ ti òòlù. Omi híhó ni kó fi rọ̀ ọ́, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí wọ́n gbẹ́ bó ṣe yẹ kó rí, kó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí á fi tutù. Bó bá fi í sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, á ta padà, tàbí kó ya. Baba gbẹ́ igi. Ó kọ́kọ́ fi kílámpù, ẹ̀mú onírin tó ń há nǹkan mọ́ra, dì í, kílámpù bu etí fáíbà jẹ. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ, máa bọ̀. Ọwọ́ tìẹ ò mọ gbígbóná."

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá fi tówẹ̀lì àlòkù bo fáíbà òsì, ó ń da omi híhó lé e títí ó fi rọ̀ bí awọ tó rẹ. Ó gbé kẹ́tùrù tí omi híhó ṣì kù nínú rẹ̀ padà sórí sítóòfù. Wọ́n tẹ fáíbà náà mọ́ igi, baba lápá ibí, ìyá lápá ọ̀hún, tábìlì láàárín, wọ́n sún mọ́ra débi pé èémí ọ̀kan ń fẹ́ sí èkejì lójú. Ìgbà yẹn ni ìyá rí ohun tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ: ọwọ́ ọkùnrin yìí méjèèjì níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Baba Afẹ́fẹ́," ó ní.

"Dákẹ́. Dì í mú."

"Mo dì í mú. Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Ta ló pa ọmọ mi?"

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Awakọ̀ ni."

"Awakọ̀ ló fi irin jáàkì là á lórí?"

Iṣan ọrùn baba yọ. "Jẹ́ kí n fi nǹkan yìí sílẹ̀, wàá rí ohun tójú ẹ ń wá."

"Ẹ ò lè fi í sílẹ̀. Kò tíì tutù."

Baba ta á nípàá lábẹ́ tábìlì. Bàtà iṣẹ́ onírin bá a lójúgun, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, omi lé ròrò sí i lójú. Kò yọwọ́.

"Ẹ rọra," ó ní, "ẹ ó mi tábìlì."

Baba tún ta á. Ó tu itọ́ sí i lójú. Itọ́ náà ń ṣàn bọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún. Níbẹ̀ ni "ẹ" tó ti fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èjìká mi tó o kán, mo fi jì ọ́. Eyín mi, mo fi jì ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó o fi dí ọmọ mi lójú tí kò fi rí ọ̀nà, ta ni kí n bá fi ìyẹn jì ọ́? O pa á, o sunkún ẹ̀ gba ọrẹ. O wá fẹ́ gbé alùpùpù ẹ̀ sí pálọ̀ kí wọ́n lè máa kí ọ pé o ṣe baba."

"Mo ní ó tó!"

"Ó kù díẹ̀ kó tutù. Mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Bó o bá fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́, dì í mú. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹ, dá ọwọ́ ẹ dúró nítorí ọmọ yìí."

Baba wo fáíbà. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó fi fáíbà sílẹ̀.

Ohun tó dún kò pọ̀. Fáíbà ta padà, ó ya sí méjì láàárín, ìdajì kan sì ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìyá. Kó tó wolẹ̀ wò ó, ìkúùkù ti bà á lójú, ìpéǹpéjú òkè là, ó ṣubú lu sítóòfù. Baba ti ń na ọwọ́ ọ̀tún sí òòlù. Ìyá di kẹ́tùrù mú ní ara, kì í ṣe ní etí tí gbogbo ayé ń gbá mú, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún náà, láti ìgúnpá dé orí ìka.

Igbe tí baba ké, àwọn aládùúgbò rò pé ẹlòmíràn ló kú. Ó kúnlẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí kúrò bí èèpo. Ó rí fáíbà nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣa ìdajì méjèèjì, ó gbé wọn sórí igi, ó ń tò wọ́n pọ̀, wọ́n ń yẹ̀.

"Wá bá mi dì í mú," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Ìyá Afẹ́fẹ́, wá. Ó ṣì gbóná, ó ṣì lè lẹ̀. Wá di ẹ̀gbẹ́ kejì mú!"

Ìyá mú irin ìlọṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tiro jáde. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn títí ó fi dé ẹnu géètì: "Wá o! Ó ń tutù lọ!"

Ọkọ̀ ń sáré lójú títì. Ìyá dúró. Ó fi etí ìró nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú dáadáa títí ó fi ríran, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì sọdá.