Ọdún Méjì ní Masifa

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ìyá mi tó kó wa bọ̀ wá sí Ẹ̀jìgbò. Títí dòní, bí mo bá sùn, èdè Faransé ni wọ́n máa ń bá mi sọ lójú àlá. Ẹni tó ti kú ń sọ ọ́, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀ ń sọ ọ́. Bí mo bá jí, màá kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kí Yorùbá tó padà sí mi lẹ́nu.

Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọdún mẹ́ta, mò ń bá ìyá mi ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa ètò tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ìyá mi ló ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀. Mo lọ, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tó yá ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi: wọ́n ti gbà mí fún ọdún méjì, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Masifa, nítòsí Ẹ̀jìgbò, ni kí n ti lọ máa ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí mo bá níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀.

“Kí lo kà nílé ìwé?”

“Ìmọ̀ ìtàn ni, mà.”

“Ìtàn kẹ̀! Ṣé ìtàn ni àwọn aboyún wá gbọ́ níbí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó na bírò sí mi. “Ó dáa. Máa kọ káàdì.”

Mò ń kọ káàdì, mò ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń rántí ìgbà yẹn, ọ̀nà ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀kadà á gbé mi wọ inú ìkùukùu láàárọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n orí ewé nìkan ni màá máa rí, bí ẹni pé oko náà léfòó sórí omi. Àwọn tó ń lọ sóko á kàn yọ sí mi, wọn á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o,” ìkùukùu á sì tún gbà wọ́n padà. Mi ò mọ̀ nígbà mìíràn bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn.

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá arúgbó kan mú aboyún kan wọlé. Ọmọbìnrin náà kò ju mí lọ. Ó ti ń rọbí.

“Ìyàwó ọmọ mi ni,” ni ìyá náà wí. “Ọmọ mi mú un bọ̀ láti Àbíjàn, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ tèmi, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.”

Nọ́ọ̀sì ń bi í pé ọmọ mélòó ló ti bí, ṣé kò sí wàhálà nígbà náà. Ọmọbìnrin náà kàn ń mi orí, ó ń wí ohun kan náà léraléra.

“Ó ń gbàdúrà ni,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí.

Mo gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì mi. Kì í ṣe àdúrà. Mo dìde.

“Mà, ó ní nígbà tóun bí àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó ní wọ́n ti rò pé òun ti kú.”

Nọ́ọ̀sì gbé káàdì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Bi í léèrè dáadáa.”

Mo bi í ní Faransé. Ó yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín ọjà tí kò mọ ẹnì kankan. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wá mọ́tò kíákíá, ilé ìwòsàn ńlá ní Ẹ̀jìgbò la ń lọ.

Nínú mọ́tò, òjò ti sọ gbogbo gíláàsì di funfun. Mò ń sọ ohun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu: omi ọ̀sà Àbíjàn, ẹja sísun létí títì, àdúgbò tí a gbé. Òun náà ń dá mi lóhùn láàárín ìrora. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí mi ò mọ ìlú tí mo wà.

Ọmọbìnrin ló bí. Ẹ̀jẹ̀ náà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àti dókítà ti wà nítòsí. Ìyá ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí kọ́ńkéré, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyàwó tí wọ́n mú bọ̀ láti Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí wá, àní láti ìlú Isundunrin. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa dúró dè mí.

Ọdún méjì pé. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló mú mi wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ní kí n máa lọ, wọn ò sì gbà wá sẹ́nu iṣẹ́ gidi bí a ṣe rò. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwòsàn, lẹ́bàá ìkòkò omi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọlé wá ra àǹkárá, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Ó ń fi Yorùbá nájà fatafata, ó ń bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iye tí wọ́n pè é ti pọ̀ jù. Kó tó lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú bó ṣe dì mí mú lọ́jọ́ tó ń rọbí ní Masifa. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi bi mí pé agbo ilé wo ló ti wá ní Ẹ̀jìgbò yìí. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ká aṣọ.